Bí Mo Ṣe Ra Kámẹ́rà Nítorí Ojú Màmá Àgbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo lọ ra kámẹ́rà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí dáadáa, ẹ mọ̀ pé Rísíkátù ò ní sùúrù. Ẹnu mi yá, ọwọ́ mi yá, inú sì máa ń tètè bí mi. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ ló dójú tì mí.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀, aṣọ ilé-ìwé ọmọdé ni mò ń rán ní Ìta Fájì. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mò ń gbé, nínú agboolé wa. Màmá Àgbà la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn lọ fi wọ́n ṣeré o! Wọ́n á fún yín lésì tẹ́ ẹ ò ní lè gbé mì.

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà. Tá a bá ti fẹ́ ya Màmá ní fótò báyìí, wọ́n á dijú. Pátápátá! Fótò ọdún Iléyá, ojú dídì. Fótò ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ojú dídì. Nígbà tá a lọ gba káàdì ìdánimọ̀, ọmọbìnrin tó ń ya fótò níbẹ̀ yà á títí ó fi sú u, ó ní ṣé Màmá ń sùn ni. Màmá ní àwọn ò sùn o, àwọn kàn dijú ni.

Ẹ̀rín la máa ń fi í rín. Àmọ́ lọ́jọ́ kan mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo fẹ́ rántí ojú Bàbá Àgbà, ọkọ wọn, tí wọ́n kú nígbà tí mo wà ní pírámárì. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é láàárín àwa Mùsùlùmí: wọ́n kú láàárọ̀, a ti sin wọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kò sì sí fótò wọn kankan nílé. Mo rántí fìlà wọn. Mo rántí ohùn wọn, mo rántí lọ́fíńdà tí wọ́n máa ń fín lọ Jímọ̀. Ojú wọn ni mi ò rí mọ́.

Àyà mi já. Ṣé bí mo ṣe máa gbàgbé ojú Màmá náà nìyẹn? Ṣé ojú dídì ni màá fi máa rántí ẹni tó tọ́ mi dàgbà? Mo ní rárá o! Màá ra kámẹ́rà gidi, màá sì ya Màmá tojú tojú.

Ẹ má sọ pé fóònù ń ṣe é o. Ilé àtijọ́ nilé wa, fèrèsé kan ṣoṣo ni pálọ̀ ní. Tí mo bá tan fláàṣì, Màmá á ti pajú dé kí iná ọ̀hún tó tàn. Tí mi ò bá sì tan án, fótò á dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo pe Kàmọ́rù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó máa ń ya fídíò. Mo ní DSLR, kámẹ́rà ńlá táwọn tó ń ya fótò máa ń gbé sójú, èyí tó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ni mò ń wá. Ó ní kí n má wo ọ̀tún, kí n má wo òsì, èyí tí mẹ́gápíísẹ́lì ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí fótò ẹ̀ ṣe máa ń fẹ̀ tó, bá pọ̀ jù ni kí n gbé. Mo gbà á gbọ́. Kí ni mo mọ̀?

Ìdúmọ̀tà ò jìnnà sí wa, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Wàsíù ni mo wọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, a ò lè ju ara wa lọ púpọ̀, ara ẹ̀ sì balẹ̀ jù fún mi. Ó gbé kámẹ́rà méjì síwájú mi. Èkíní ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mẹ́gápíísẹ́lì ẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, ó ń dán. Èkejì ti pẹ́ díẹ̀ lórí àtẹ, mẹ́gápíísẹ́lì ẹ̀ ò tó ti èkíní, àmọ́ skíríìnì ẹ̀yìn ẹ̀ ṣeé ṣí bí ilẹ̀kùn, èèyàn lè yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, yí i sókè. Ti èkíní ní tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gbọn-in ni.

Mo nàka sí èkíní. Dípò kí Wàsíù bá mi dì í, ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ máa yà.

Ẹ gbà mí! "Ṣé ẹ fẹ́ tajà ni àbí ẹ fẹ́ wádìí mi?" Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bi mí. Mo ṣáà sọ fún un: aṣọ ọmọdé ni mò ń rán ní Ìta Fájì, ìyá mi àgbà tí wọ́n máa ń dijú ni mo sì fẹ́ yà. Ó ní ó jọ pé èkejì ló máa dáa fún mi jù. Hẹn-ẹn! Mo ti mọ̀! Ọjà tí kò tà ló fẹ́ gbé fún mi. Mo sì sọ ọ́ lójú ẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Kò bínú. Ó ní kí n máa lọ sílé, pé tóun bá kírun Alásárì tán, òun á gbé méjèèjì wá, kí n dán wọn wò lára Màmá fúnra wọn. Ó ní ṣé èmi náà máa ń rán aṣọ láì wọn ọmọ tó máa wọ̀ ọ́ ni? Ó mọ ibi tó ti mú mi!

Ó wá lóòótọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n béèrè ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, wọ́n ní kó jókòó. Mo ṣí fèrèsé, mo gbé àga Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà àyànfẹ́ mi, mo gbé e sójú.

Màmá dijú.

Mo tún un yà, wọ́n dijú. Ó tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún! Inú mi ti ń gbóná. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo pariwo mọ́ wọn: "Màmá, ẹ lajú yín, ẹ jọ̀ọ́! Kí lẹ ń dì í fún?"

Màmá lajú, wọ́n wò mí.

"Àbẹ̀kẹ́," oríkì mi nìyẹn, àwọn nìkan ló sì ń pè mí bẹ́ẹ̀, "ìwọ lo fi nǹkan dúdú bojú. Mi ò rí ẹ mọ́. Ta ni kí n wá máa wò?"

Wọ́n ní látìgbà táwọn ti wà lọ́mọdé, tí ẹnì kan bá bojú tó wá ń wo àwọn, ẹ̀rù máa ń ba àwọn. Táwọn bá ti dijú, ẹ̀rù náà á lọ. Látọjọ́ yìí wá! A ń bi ara wa pé kí ló ń ṣe Màmá, kò sẹ́ni tó bi Màmá fúnra wọn. Ojú tì mí débi pé mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde lórí sìmẹ́ńtì, ṣé mo fẹ́ ṣe orúnkún mi léṣe ni?

Wàsíù ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn rọra ṣí skíríìnì kámẹ́rà kejì, ó yí i sókè, ó ní kí n gbé e sí àyà, kí n máa wò ó láti òkè bí ẹni tó ń wo inú abọ́. Ojú mi á wà ní gbangba, Màmá á máa rí mi. Ó ní a ò nílò fláàṣì, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn ti tó. Kí n ṣáà máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Mo bi Màmá pé kí ni wọ́n fẹ́ jẹ. Wọ́n ní èmi gan-an ńkọ́, nígbà wo ni mo jẹun gbẹ̀yìn, ṣé torí aṣọ ọlọ́mọ ni mo ṣe ń febi pa ara mi? Wọ́n wá kọjú sí Wàsíù, wọ́n ní ọmọ yìí mà níwà o, ṣé ó ti níyàwó?

"Màmá! Èmi ni kẹ́ ẹ máa wò o!"

Wọ́n yíjú sí mi, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ojú Màmá là kedere. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bú sẹ́kún. Màmá ní kí ló ń pa mí lẹ́kún, ṣé àwọn burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ ni? Wàsíù náà kọjú sí fèrèsé, ó ń díbọ́n pé òun ń wo nǹkan kan níta.

Èkejì ni mo rà. Kàmọ́rù fi mí rẹ́rìn-ín lórí fóònù, àfìgbà tí mo fi fótò náà ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà bá yín yan kámẹ́rà. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi yà, kẹ́ ẹ sì fẹ̀sọ̀ bi í ní ohun tí kò fẹ́. Èmi ò béèrè, mo wá lọ pariwo mọ́ àgbàlagbà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wà nílé tiyín tí kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun? Ẹ ti bi í léèrè ìdí ẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, gbogbo ẹ̀ ni màá kà.

Mo ti fọ fótò náà, mo gbé e kọ́ sára ògiri níbi iṣẹ́ mi. Àwọn oníbàárà kan máa ń sọ pé Màmá ò wo kámẹ́rà dáadáa, pé ojú wọn lọ sókè díẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi ni wọ́n ń wò. Tọ́jọ́ bá dé tí mi ò ní Màmá mọ́, kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ o, màá gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á ṣì máa wò mí.