Ọkọ Tó Ń Jó Lápá Fèrèsé

Ẹni tó bá rí Ìyá Aránṣọ nídìí maṣíìnì rẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu àti téèpù lọ́rùn, kò lè mọ̀ láéláé pé ọkọ ni. Àní, ọkọ! Ní gbọ̀ngàn ijó tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì, wọn ò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é. Ọkọ wa ti dé o, ọkọ wa ò tíì dé o, bí wọ́n ṣe ń wí nìyẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ijó ìlà ni wọ́n ń jó níbẹ̀. Ìlà kan á tò sápá fèrèsé, èkejì á tò sápá ilẹ̀kùn, wọ́n á kọjú síra wọn. Àwọn ti fèrèsé ni ọkọ, àwọn ti ilẹ̀kùn ni ìyàwó. Ẹni tó ń pe ijó á gun orí àpótí, á máa ké e fún wọn: "Ọkọ, ẹ súnmọ́! Ìyàwó, ẹ yí!" Ohun tó bá pè ni ẹsẹ̀ gbogbo ayé á ṣe.

Nígbà tí Ìyá Aránṣọ ṣì jẹ́ ọmọge, àwọn ọkùnrin ti bá iṣẹ́ lọ sókè òkun, obìnrin ló kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́. Baba Afìwéránṣẹ́ ló ń pe ijó nígbà náà. Ó wo ọmọge látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ tó ga bí òpó iná yìí, kí lo ń wá láàárín àwọn ìyàwó? Bọ́ sápá ọkọ jàre!" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ ọlọ́mọ débi pé ká ní ilẹ̀ lanu, ì bá kó sínú rẹ̀. Ibi tó dúró sí, tó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha pákó ilẹ̀, ni ọmọbìnrin kúkúrú kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti wá dúró níwájú rẹ̀.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ló wí. "Ọkọ mi, ó yá."

Ó parí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fẹ́ra wọn nínú gbọ̀ngàn. Kálukú ní ọkọ tirẹ̀ nílé o, kálukú sì bímọ. Àwọn ọkọ ilé ò mọ ijó, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, wọ́n á máa wo ìyàwó wọn.

Àṣà ibẹ̀ ni pé obìnrin tó bá ń jó ọkọ á so aṣọ pélébé mọ́ apá, kí ẹni tó bá fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀ má bàa ṣì í mú. Ìyá Aránṣọ ló ń rán gbogbo rẹ̀ láti inú àjákù aṣọ oníbàárà. Tirẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Aṣọ inú ẹ̀wù ìgbéyàwó tó rán fún Nọ́ọ̀sì ló gé e lára, aláwọ̀ ewé, ó ń dán. Bí Nọ́ọ̀sì bá rí i lójú títì, á ké láti òdìkejì: "Ọkọ mi, ṣé o ti jẹun?" Àwọn tí ò mọ̀ wọ́n á máa wojú ara wọn.

Nọ́ọ̀sì kú lọ́dún tó kọjá. Kó tó lọ, ó di ọwọ́ Ìyá Aránṣọ mú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ọkọ mi, má lọ jókòó ti ògiri o. Mo mọ̀ ẹ́."

Ẹ̀bá ògiri náà ló sì jókòó sí. Apá ọkọ nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, gbogbo ìyàwó ló sì ti lọ́kọ. Káfíńtà, tí ìyàwó tiẹ̀ náà ti ṣaláìsí, ló máa ń jókòó tì í. Òun náà ò mọ ju apá ọkọ lọ.

"Ọkọ méjì ò kúkú lè fẹ́ra wọn," Káfíńtà á wí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Ọmọ àbúrò Ìyá Aránṣọ ló ń pe ijó báyìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Màámi, a ò ní pe ọkọ àti ìyàwó mọ́ o. Kí kálukú dúró síbi tó bá wù ú. Ọkùnrin tí ò bá ráyè lápá ọkọ, ilé ló ń gbà lọ, torí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ìyàwó. Aṣọ apá náà, ká jẹ́ kó sinmi."

"Kí lẹ wá fẹ́ máa pè wá? Àga àti tábìlì?"

"Àwọn kan ní Òsì àti Ọ̀tún, àmọ́ Káfíńtà fàáké kọ́rí. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áḿbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n fi pe òun. La bá mú Fèrèsé àti Ilẹ̀kùn."

"Fèrèsé! Pẹ̀lú ewú orí mi yìí!"

Ó yíjú sí maṣíìnì, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkan kíkan, kò sì sáṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kì í ṣe Fèrèsé ló ń dùn ún. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní ọkọ mi ti wà nínú ilẹ̀. Gbọ̀ngàn yẹn nìkan ló kù tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá panu mọ́ níbẹ̀, ta ló tún kù?

Síbẹ̀, nígbà tó di Sátidé, ó lọ. Ó ti ki aṣọ apá aláwọ̀ ewé náà sínú báàgì.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ gun àpótí, onídùùrù bẹ̀rẹ̀. "Fèrèsé, ẹ súnmọ́! Ilẹ̀kùn, ẹ yí!" Ni baba tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn bá fò dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ó rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí ìlà kankan tò mọ́. Inú ẹ̀rín yìí ni Káfíńtà ti dìde, ó wá dúró níwájú Ìyá Aránṣọ.

"Ẹ gbọ́, bí wọ́n bá ní kí n wá ṣe ìyàwó, mò ń lọ sílé mi. Àmọ́ ilẹ̀kùn? Iṣẹ́ ọwọ́ mi kúkú ni. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí?"

"Ẹ̀yin náà ò ní kọ́ mi ni?"

Ìyá Aránṣọ wò ó títí. Ó tọwọ́ bọ báàgì, ó yọ aṣọ apá, ó so ó, ó fi eyín fa kókó rẹ̀ le. Ọmọ àbúrò rẹ̀ rí i láti orí àpótí, àmọ́ onídùùrù ló yíjú sí.

Ni wọ́n bá jó. Háà! Káfíńtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ibi tó yẹ kó yà sí kọ́ ló ń yà sí, ó ń kọlu ọmọ ẹlòmíì káàkiri. Ìyá Aránṣọ ń fà á lọ́wọ́ bí ẹni fa ewúrẹ́ alágídí, títí Káfíńtà fi ń mí hẹlẹ.

"Ọkọ mi, ẹ rọra!" ló ké. "Orúnkún mi!"

Gbogbo ìlà gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ọkọ wa, ẹ ṣàánú ilẹ̀kùn!"

Ìyá Aránṣọ dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn kan rò pé ó ń sunkún ni. Bóyá ó tiẹ̀ sun díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ló ń gbọn èjìká rẹ̀ yẹn. Ó nu ojú pẹ̀lú aṣọ apá, ó sì tún di ọwọ́ Káfíńtà mú.

"Ẹ bọ̀ níbí," ló wí. "A ò tíì débi yíyí gan-an."