Ojú Tí Mo Fọ̀ Mọ́ Nínú Fọ́tò

Mo rántí ìgbà tí kò sí ojú tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú, tí kì í jáde ní mímọ́ ju bó ṣe wọlé lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò ni, orí mi sì ti wú débi pé mo gbà pé láti Gáréèjì títí dé Benson, kò sí onífọ́tò tó tó mi. Fíìmù la ṣì ń lò nígbà yẹn. Ọ̀kan máa ń gba fọ́tò mẹ́rìndínlógójì, a kì í sì í gbé e lọ fọ̀ àfi tó bá kún. Ibi tí wọ́n ti ń bá wa fọ̀ ọ́ ní Benson ti ra kọ̀ǹpútà kan tó lè pa rorẹ́ rẹ́, tó lè sọ ojú ẹni ogójì ọdún di ti ọmọge. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́yìn ọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́, màá máa nàka: "Pa èyí rẹ́. Tún ibí yìí ṣe." Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń pariwo pé kí n bá àwọn fọ ojú àwọn dáadáa o. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ìyá wọn ò dá wọn mọ̀ nínú fọ́tò, inú mi á sì máa dùn.

Àwọn ọdún yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ tó ń na ìyàwó di àríyànjiyàn ńlá nílùú. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì kó àwọn obìnrin jọ, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Wọ́n ń gbé páálí tí wọ́n kọ nǹkan sí kiri láti Gáréèjì wá sí àdúgbò wa, wọ́n ń pín ìwé pélébé fún àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ó yẹ kí òfin mú ọkùnrin tó bá ń lu ìyàwó rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pe fóònù sí rédíò, wọ́n ń bú ara wọn. Ṣọ́ọ̀bù bábà tó ń gẹrun fún wa lèmi ti ń sọ tèmi. "Kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ tọkọtaya?" ni mo máa ń sọ, àwọn ọkùnrin á sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi tí mi ò níyàwó, tí mi ò lẹ́ni tí mò ń fẹ́, tó jẹ́ búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni mò ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, èmi ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé.

Obìnrin aránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì sí mi. Àǹtí ni mo máa ń pè é, nítorí ó fi ọdún mélòó kan jù mí lọ. Fọ́tò lòun náà máa ń pè mí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó sì ti bímọ méjì fún ọkọ rẹ̀, tó ń ta páànù ìkọ́lé, tó tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Ọkùnrin náà níwà lójú gbogbo ayé. Òun ló bá mi rí ṣọ́ọ̀bù, òun ló tún ń júwe mi fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìkómọ tàbí ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ igbe láti ilé rẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì, àǹtí á ní òun ṣubú ní balùwẹ̀. Gbogbo wa á kí i pé pẹ̀lẹ́, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Balùwẹ̀ náà mà yọ̀ o! Kò sì sí ẹni tó béèrè ìdí tí ọkọ kì í fi í ṣubú níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àǹtí sáré sọdá títì wọlé tọ̀ mí wá, ó fi ìborùn bojú. Nígbà tó ṣí i, ojú òsì rẹ̀ ti wú pa, òkè ojú náà sì ti ya.

"Fọ́tò, yà mí bí mo ṣe rí," ló wí. "Ṣe kíá, kó tó dé."

Mo yà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò béèrè nǹkan kan. Ó bojú rẹ̀ padà, ó jáde.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ti dá a padà sílé ọkọ lẹ́ẹ̀mejì. Àgbàlagbà apẹja ni bàbá náà, wọ́n sì ti sọ pé àwọn ò lè gba ọmọ padà lórí ẹnu lásán, àfi tí ojú àwọn bá rí nǹkan. Bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ kì í jẹ́ kó dé Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ojú bá wú. Ìgbà tó bá san tán ni òun fúnra rẹ̀ á gbé e lọ kí wọn, pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì, á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀. Fọ́tò yẹn nìkan ló lè jẹ́ kí bàbá rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wọn. Tó bá fi lè dé ọwọ́ wọn, àǹtí àti àwọn ọmọ rẹ̀ bọ́ nìyẹn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí fíìmù náà tó kún. Nígbà yẹn, ojú àǹtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san tán. Nígbà tí ojú tó wú yẹn yọ lórí kọ̀ǹpútà ní Benson, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ta ló fẹ́ kí aráyé rí òun báyìí? Mo ní màá bò ó láṣìírí. A pa wíwú rẹ̀ rẹ́, a dí òkè ojú tó ya, mo tún ní kí wọ́n fi pupa díẹ̀ sí ètè rẹ̀. Mo fi fọ́tò náà sínú àpò ìwé, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni má bàa yọjú wò ó. Nígbà tí mo gbé e fún àǹtí, kò ṣí i. Ó ní òun ò fẹ́ rí ojú yẹn mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Àǹtí kúnlẹ̀ níwájú ẹbí, ó na àpò ìwé náà sí bàbá rẹ̀. Bàbá ya á, wọ́n fa fọ́tò yọ, wọ́n rí ojú tó ń dán bíi ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n ní kí lèyí? Ọkọ rẹ̀ gbà á wò, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin onípáálí nìyẹn. Ó ki fọ́tò náà bọ àpò rẹ̀, ó sì kó ìyàwó rẹ̀ padà sí Ìkòròdú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àǹtí dúró síwájú tábìlì mi.

"Fọ́tò, ta lo yà?"

"Ẹ̀yin ni, àǹtí."

"Irọ́ ni. Obìnrin tí bàbá mi rí yẹn kì í ṣe èmi. Mo ní kó o yà mí bí mo ṣe rí."

"Àǹtí, ẹ má bínú. Àṣírí yín ni mo ní kí n bò."

"Àṣírí ta lo bò? Tèmi àbí tọkọ mi?"

Ó wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún mi látòkè délẹ̀. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún, èmi akọni ṣọ́ọ̀bù bábà. Mo ṣáà ń rò ó pé mo ti ran ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ láti lù ú lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n ohun tí kọ̀ǹpútà bá pa rẹ́ kì í rẹ́ lára fíìmù. Fíìmù náà wà nínú páálí bàtà tí mò ń kó wọn sí, ojú àǹtí sì wà níbẹ̀ bó ṣe rí. Mo gbé e lọ sí Benson, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde gbàgàdà, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀. Mo sọ fún ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wo fọ́tò náà títí, ó sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Tí mo bá ti rántí pé ọkọ rẹ̀ lè gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, màá tún ki fọ́tò náà bọ báàgì padà. Báyìí ni gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ṣe lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ onílé pe gbogbo àdúgbò sí ìpàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn á gba àwọn obìnrin onípáálí láyè ní àdúgbò wa. Gbọ̀ngàn àdúgbò kún fọ́fọ́. Mo gbé báàgì tí fọ́tò ńlá náà àti fíìmù rẹ̀ wà nínú rẹ̀ dání, mi ò tíì mọ ohun tí màá fi ṣe. Nọ́ọ̀sì àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí awakọ̀ kan láti Gáréèjì fi nahùn sókè: "Mama, una dey spoil our wives!"

Nọ́ọ̀sì àgbà wò ó. "Ọmọ mi, kò sí ìyàwó kankan tí mo bà jẹ́. Egungun ìyàwó tó ṣẹ́ ni mo fi ọgbọ̀n ọdún bá yín tò."

Àwọn obìnrin hó. Ni akọ̀wé, ọkọ àǹtí, bá dìde. Kò wá lásán o. Ó ti lọ gbé bàbá ìyàwó rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, ó fi wọ́n jókòó sí iwájú. Ó gbé fọ́tò kékeré yẹn sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tí wọ́n ní mo lù rèé! Àna mi náà rèé, ẹ bi wọ́n. Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìyàwó wa ní irọ́?"

Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Bàbá doríkodò. Gbogbo ojú yí sí àǹtí tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni àǹtí ń wò. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Èmi ni mo ya fọ́tò yẹn," mo wí. "Irọ́ ni."

Alága ní, "Irọ́ ta?"

"Irọ́ tèmi ni, sà. Mo fọ ojú wọn mọ́ ni, bí mo ṣe máa ń fọ ti gbogbo yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fa fọ́tò ńlá náà yọ nínú báàgì, ẹ̀rín tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síwájú.

Akọ̀wé pariwo mọ́ mi: "Fọ́tò! Rántí ẹni tó bá ẹ rí ṣọ́ọ̀bù o!"

"Mo rántí, sà," mo dá a lóhùn, mi ò sì dúró. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, mo gbé fọ́tò náà lé wọn lórí ẹsẹ̀, mo sì fi fíìmù rẹ̀ tì í.

Bàbá wọ awò ojú wọn. Wọ́n fi ìka kan ibi tó ya lókè ojú náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ṣì ń dun ọmọ wọn. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo lèyí. Mo ní ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gbójú sókè sí àna wọn.

"Búrẹ́dì ọwọ́ ẹ ni mo sì ń jẹ," ni wọ́n wí.

Wọ́n gba fọ́tò kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fà á ya. Wọ́n wá rìn gba àárín gbogbo èèyàn kọjá títí dé ẹ̀yìn, wọ́n ṣí fìlà níwájú ọmọ wọn.

"Ọmọ mi, mo jẹ̀bi ẹ. Ojú mi ti rí i báyìí. Dìde, jẹ́ ká lọ sílé."

Ariwo tí àwọn obìnrin pa lọ́jọ́ náà, mo gbà pé wọ́n gbọ́ ọ ní Benson. Nọ́ọ̀sì àgbà ń jó, awakọ̀ Gáréèjì yẹn náà wá àyè jókòó. Kí ìpàdé tó tú ká, wọ́n ti yọ akọ̀wé nípò, wọ́n sì ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ igbe obìnrin lójúlé kan gbọ́dọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, èmi ni mo fi orí mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ àǹtí dé inú mọ́tò Ẹ̀pẹ́, bábà sì gbé ẹrù àwọn ọmọ. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Oṣù yẹn ò tán tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rẹ́ akọ̀wé, fi gbà á lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Mo kó lọ sí Benson, àwọn oníbàárà mi sì tẹ̀ lé mi lọ.

Ọdún ti gorí ọdún. Òfin tí àwọn obìnrin yẹn ń gbé páálí kiri lé lórí ti jáde, ọmọ kékeré sì lè fi fóònù fọ ojú ara rẹ̀ mọ́ báyìí láìsí èmi. Lọ́dún tó kọjá, àǹtí wá láti Ẹ̀pẹ́, níbi tó ti ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó kún fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí òun. Ó jókòó, ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fọ́tò," ló wí, "yà mí bí mo ṣe rí o."

Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ kọ̀ǹpútà nísinsìnyí. Ó rí àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè ojú òsì, ó ní kí òun pa á rẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó fi í sílẹ̀. A tẹ fọ́tò náà jáde gbàgàdà, àpá rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, mo sì gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo oníbàárà á ti kọ́kọ́ rí i kó tó sọ fún mi bó ṣe fẹ́ kí n ya òun.