Àpò Ìpápánu Orí Kọ̀ǹpútà

Ọdún méjìlélógún ni Su-chin ìyàwó mi ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tainan, àpò ìpápánu ni wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Lánàá, kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Tseng níbi iṣẹ́ wa kọ̀, kò tàn. Su-chin ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tan án ló bàjẹ́. Ọ̀gá ní rárá, ó ní àpò ìpápánu aláwọ̀ ewé tí gbogbo wa ní Taiwan máa ń gbé sórí ẹ̀rọ kó má baà ṣe agídí ló ti pẹ́ jù. Ó ra tuntun, ó gbé e síbẹ̀. Kò tàn.

Su-chin tú ẹ̀rọ, ó yọ bọ́tìnì náà, ó fi tuntun sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tàn.

Ọ̀gá Tseng pàtẹ́wọ́ fún àpò. "Ẹ rí i? Mo ti sọ fún yín! Àpò tuntun ló ń fẹ́!"

Inú bí mi. Ìyàwó mi ò janpata. Ó fa àpò náà ya, ó jókòó sórí àga ọ̀gá, ó jẹ ìpápánu inú rẹ̀ tán pátápátá. Kọ̀ǹpútà ṣì ń tàn.

"Ó dùn, Ọ̀gá," ló wí. "Tó bá tún bàjẹ́, ẹni tó ta ìpápánu fún yín ni kẹ́ ẹ pè."