Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀ka Ọsàn

Bí ọsàn bá ti ń tanná ní Fìdítì, òórùn rẹ̀ a máa wọ yàrá báni, kódà bí èèyàn tilẹ̀kùn. Ó ń dùn mọ́ àwọn ẹlòmíràn. Èmi kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ bí mo bá gbọ́ ọ. Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti láya nílé kí n tó mọ a, b, d. Ọmọ Ìlọrà ni ìyàwó mi, àdìrẹ ló ń ṣe: a máa ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ, a sì fi ya ewé àti ẹyẹ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbà níwèé fẹ́ ṣe ìwé kan lórí àwọn igi eléso ilẹ̀ wa, ó sì ń wá ẹni tí yóò yàwòrán wọn. Mo ní ó wà nílé mi.

Ìyàwó mi fi okùn so ẹ̀ka ọsàn kan tó ní òdòdó àti èso kọ́ àjà kó lè rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń rọ̀ lórí igi, ó wá ti ìyẹ́ bọ tàdáwà. Òdòdó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò re tán kó tó parí.

“Ẹ jókòó jàre, baálé mi. Ìrìn yín ló ń gbọn òdòdó mi dànù.”

Nígbà tó ya gbogbo àwọn igi náà tán, ó ní kí n kọ orúkọ òun sórí iyẹ̀pẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn bó ṣe tẹjú mọ́ ewé, ó sì yà á sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Inú tíṣà ò dùn. “Ta ló ní kí aládìrẹ kọ orúkọ sínú ìwé mi? Ní kó pa á rẹ́, àbí kí ìwọ náà gbàgbé ìdánwò ìparí ẹ̀kọ́ rẹ.”

Mo gba ilé lọ. Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó pọn ọmọ, ó ṣáájú mi lọ bá tíṣà.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọwọ́ tó yà á kọ́ ni yóò pa á rẹ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pa á rẹ́, kí n máa wò yín.”

Tíṣà wò ó, ó wò mí, ó fa abẹ yọ. Ó gé ìsàlẹ̀ gbogbo àwòrán náà, níbi tí orúkọ wà, lójú wa. Ìyàwó mi ò ṣẹ́jú. Ojú ọ̀nà ló ti wá sọ fún mi pé nítorí ìdánwò mi nìkan ni òun ò fi kó wọn padà sílé.

Mo yege. Ìwé náà dé, orúkọ tíṣà gàdàgbà lára èèpo rẹ̀. A ṣí i dé ibi ọsàn. Ìyàwó mi wò ó, ó tún un wò.

“Ẹ wò ó, wọ́n ti dorí rẹ̀ kodò!”

Òótọ́ ni. Èso tó yẹ kó rọ̀ sílẹ̀ ń wòkè bí ẹni tó ń retí òjò. Ẹni tó tẹ ìwé náà kò mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà, torí ohun tí ì bá fi mọ̀ ọ́n ni wọ́n ti gé dànù. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. “Orúkọ mi ì bá sọ fún wọn,” ló wí. Bí ẹ̀rín náà ṣe tán nìyẹn.

Ó ti di olóògbé báyìí. Títí dòní, bí mo bá ṣí ìwé tí mo rí òdòdó tí wọ́n yà dáadáa, ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí n ò bá rí orúkọ níbẹ̀, ara mi kì í lélẹ̀. Ìyàwó ta ni? Ọmọ ìlú wo? Ta ló fi abẹ gé e? Mi ò lè dáhùn fún tàwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ti ọsàn Fìdítì yẹn, Àṣàbí ló yà á.