Ijó Tí Wọn Kò Jó fún Yèyé

Ijó ni iṣẹ́ mi. Yunifásítì kan lókè òkun ni mo ti ń kọ́ni bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ẹsẹ̀, wọ́n sì ń pè mí ní ọ̀mọ̀wé.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹgbẹ̀rúndún tuntun wọlé, mo gbé kámẹ́rà fídíò wá sí Ìpáò, ìlú bàbá mi, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Òun ló ń ṣíwájú ijó tí àwọn ọmọbìnrin ilé wa fi ń sin arúgbó: wọn á máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, kí ojú wọn má baà kúrò lára ilé tí òkú ti jáde. Kò sí nínú ìwé kankan. Ojú ọ̀kánjúwà ni mo fi ń wò ó.

"Ujó ukú lèyí, ọmọ mi," Yèyé ní. "Ẹni bá jó o láìsí òkú nílẹ̀, tirẹ̀ ló jó yẹn. A ì í jó o fún un mọ́."

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní yóò parun. Mo tilẹ̀ fajú ro, bí ọmọ tí wọn kò fún lẹ́ran. Yèyé wò mí títí, ó tú gèlè, ó fi í gbàjá, ó sì jó lágbàlá lóòrùn ọ̀sán. Àwọn ìyàwó ilé tó ń sá kòkó rí wa. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tèmi ti dé kí n tó pa kámẹ́rà.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Yèyé kú. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìkọ̀lé, mo gun ọ̀kadà dé Ìpáò. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣe tiwọn, ó dùn. Nígbà tí wọ́n gbé pósí jáde nílé, mo ń retí kí àwọn ọmọbìnrin ilé dìde. Kò sẹ́ni tó mira. Mo kúnlẹ̀ níwájú èyí tó dàgbà jù nínú wọn, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Kò bínú sí mi. Ìbá sàn kó bínú.

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Ó ti jó tirẹ̀. Torí ùwọ ló ṣe jó o."

Èmi náà ọmọbìnrin ilé, tí mo mọ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò lè jó o. Mo tẹ̀lé pósí bí àlejò, ojú ń tì mí.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo fi fídíò náà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé òkú ta ni ìyá náà ń jó fún.

Mo ní òun fúnra rẹ̀ ni.