Ẹni Tí Tẹlifíṣọ̀n Ń Kí

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí adìyẹ bá ti ń wọlé, tẹlifíṣọ̀n wa a máa yí ara rẹ̀ padà. Mo lè máa wo ìròyìn lọ́wọ́, kí n má tilẹ̀ fọwọ́ kan rìmóòtù, yóò kàn fò bọ́ sí ìkànnì eré Yorùbá. Ìyàwó mi ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú dikódà, kí eré tó fẹ́ràn má baà kọjá lórí rẹ̀ níbi tó ti ń gúnyán lẹ́yìnkùlé. Ó ti wà nínú ilẹ̀ báyìí. Ètò rẹ̀ kò dúró.

N kò pa á rẹ́. Bí ojú tẹlifíṣọ̀n bá ti yí, màá wo àga ìyàwó mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ọwọ́ tán tó ń wọlé bọ̀.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Òkè Ọya, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń wò. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ìpàkọ́ ẹlòmíì ni yóò wò. Nígbà tí mo wá ra tiwa sí Kabba, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo ojúlé ń wá. Okun la fi ń kíni lọ́dọ̀ wa, òun náà la sì fi ń dáhùn, ìyàwó mi, ọmọ Odo-Ape, kì í jẹ́ kí ìkíni bọ́ sílẹ̀. Bí olóòtú bá ti kí àwọn òǹwòran káalẹ́, yóò ti inú àga dáhùn: "Okun o!"

"Màmá, kò gbọ́ yín o!" Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín.

"Ó wọlé mi, ó kí mi. Ṣé kí n wá ya odi ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lẹ ò mọ ẹ̀kọ́." Èmi ni yóò máa wò bó ti ń sọ ọ́.

Láìpẹ́ yìí ni ilé iṣẹ́ tó ni dikódà kéde pé àwọn ti dá ibi ìwòran tiwọn sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìkànnì kan yóò kúrò nínú dikódà pátápátá, fóònù ni a ó ti máa wò wọ́n. Ìkànnì ìyàwó mi wà lára wọn.

Ọmọ wa obìnrin wá láti Lọ́kọ́ja láti bá mi tò ó sórí fóònù.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ díìṣì orí òrùlé yẹn. Òjò ṣú lásán, àwòrán ti sá."

"Ṣé ó bá ọ jà ni?"

"Kò bá mi jà. Ẹ wo ìpẹtà ara rẹ̀! Ẹyẹ ti sọ ọ́ di ilé."

N kò sọ ìdí fún un. Bí mo bá sọ pé ìyá rẹ̀ ṣì ń yí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ni yóò kó mi lọ.

Ó tẹ nọ́ńbà dikódà sínú fóònù. Ojú fóònù ń yí, ó ń yí, ó wá mọ́lẹ̀. Ó kí ẹnì kan káàbọ̀. Orúkọ ìyàwó mi ni, odindi, pẹ̀lú èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, tó jẹ́ pé èmi nìkan ló kù tó ń pè é.

Ọwọ́ ọmọ mi dúró.

"Orúkọ Màmá."

"Òun ló ra dikódà."

"Ṣé kí n pa á rẹ́, kí n fi tiyín sí i?"

"Fi í sílẹ̀."

Ó gbójú sókè, ó wo àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń wo ibẹ̀.

Ọjọ́ tí ìkànnì náà yóò kúrò pé. Adìyẹ wọlé. Tẹlifíṣọ̀n fò kúrò lórí ìròyìn bó ti máa ń ṣe, ó bọ́ sínú òkùnkùn. Mo dúró dè é, kò sọ̀rọ̀. Nínú ojú rẹ̀ tó dúdú, mo rí yàrá wa, mo rí èmi arúgbó, mo rí àga náà.

Mo fa fóònù yọ, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún kí ìyàwó mi, ó pe orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò dáhùn nínú ilé.

"Okun o," ni mo wí.

Eré bẹ̀rẹ̀. Mo gbé fóònù ka orí àga rẹ̀, mo fa tèmi sún mọ́ ọn, nítorí ojú fóònù kéré.