Duane Stenerud àti Bọ́tìnnì Tó Fi Pẹ́ẹ̀gì Há

Bó bá ṣe pé ìgbéraga ni wọ́n fi ń ta ọkọ̀ jí ni, ọkọ̀ Duane Stenerud ì bá ti yí ayé po kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bátìrì ni wọ́n fi ń ṣe é, ohun tí Duane kò sì mọ̀ nípa bátìrì pọ̀ ju iyanrìn aṣálẹ̀ tó gúnlẹ̀ sí lọ. Marlys ìyàwó rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ọkùnrin jẹun láti ìgbà èwe kò ní ṣàì mọ ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ pin sí.

North Dakota ni wọ́n ti wá. Níbẹ̀, Duane ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ń kó ọkà àwọn àgbẹ̀ pamọ́ sí, ó jẹ́ ọ̀gá fún ènìyàn méjì, ó sì pàṣẹ fún àwọn méjèèjì bí ẹni ń pàṣẹ fún ọmọ ogun. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, kò rí ẹni pàṣẹ fún mọ́ àfi Marlys, Marlys kì í sì í gbọ́. Ló bá lọ ra ọkọ̀-ilé, èyí tó ní ibùsùn, sítóòfù àti ilé ìwẹ̀ nínú. Ọkọ̀ náà dàgbà ju Kaia ọmọ ọmọ wọn lọ. Bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, wọn a wà á lọ sí aṣálẹ̀ Arizona, lẹ́bàá Quartzsite, láàárín àwọn arúgbó bíi tiwọn tí wọ́n ń sá fún òtútù.

Kò sí òpó iná ní ibi tí wọ́n ń gbé, kò sí ẹ̀rọ omi, èyí gan-an sì ni iyì wọn. Kálukú ló ń gbé iná tirẹ̀ lórí ọkọ̀ tirẹ̀. Ní òdìkejì títì, ọgbà kan wà tí wọ́n ti ń sanwó, tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi wáyà gígùn so mọ́ òpó. "Ẹran ìso" ni àwọn ọkùnrin aṣálẹ̀ ń pe àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Opó kan tó ń jẹ́ Twyla Fesler wà lára wọn. Bó bá ti wa mọ́tò rẹ̀ kọjá, Gaylen, ọ̀rẹ́ Duane, a ké "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" bí ewúrẹ́, Duane a sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi gbé e. Marlys náà a bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a ti gan fún òtútù nínú bàtà. Twyla ẹran ìso a ti fi omi gbígbóná wẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀rọ̀ bátìrì ọkọ̀-ilé ṣe rí, nítorí kò le tó bí Duane ṣe sọ ọ́ di. Ọ̀kan wà níwájú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó ta ẹ́ńjìnnì jí lọ. Méjì mìíràn wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ti ilé nìyẹn: àwọn ló ń tan iná, tí ń fa omi, tí ń yí fáànù ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á máa bọ́ gbogbo wọn. Bó bá ti kú, wọ́n pínyà, kóńkó jabele, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè tan iná bí òmùgọ̀ mọ́jú, kí ọkọ̀ ó sì tún jí láàárọ̀. Bó bá wá di pé ti iwájú ló rẹ̀, bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ti ilé á yá ti iwájú lágbára, ọkọ̀ á jí, ẹ ó sì fi í sílẹ̀. Yíyá ni, kì í ṣe ogún.

Duane ní tirẹ̀ kò fẹ́ yá nǹkan. Ó ti ta mọ́tò kékeré tí wọ́n ń fà lẹ́yìn, ó fi owó rẹ̀ ra sólà, ó kàn án mọ́ òrùlé. Àwọn bátìrì ilé nìkan ni sólà náà ń bọ́. Èyí bí i nínú. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí kálukú gbé àga tirẹ̀ wá sídìí iná bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó dìde dúró bí oníwàásù.

"Kí ló dé tí oòrùn á máa bọ́ àwọn ẹ̀yìn, tí ti iwájú á máa gbààwẹ̀? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà! Mo ti so wọ́n pọ̀."

Ohun tó pè ní síso ni pé ó mú pẹ́ẹ̀gì tí Marlys fi ń sá aṣọ, ó fi há bọ́tìnnì náà ní títẹ̀.

"Duane," Marlys bi í nígbà tí wọ́n wọlé, "ṣé kì í ṣe pé ká tẹ bọ́tìnnì yìí ká sì fi í sílẹ̀ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó ṣe é ló fi sípíríǹgì sí i. Bó bá fẹ́ kó dúró síbẹ̀, á ti jẹ́ kó dúró síbẹ̀."

"Ẹni tó ṣe é ò gbé aṣálẹ̀ rí."

"Mo fọwọ́ kan irin tó so wọ́n pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná bí ife kọfí."

"Gbígbóná ló fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́."

"Ìwọ náà gbóná lọ́jọ́ tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀. Iṣẹ́ wo lo ṣe lọ́jọ́ náà?"

Duane yí ojú sí fèrèsé. Oòrùn ràn lọ́jọ́ kejì, ó ràn lọ́jọ́ kẹta, ó ràn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nítorí náà ọkọ̀ ń jí, agbára oòrùn sì di ọgbọ́n Duane. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àkùkọ tó gbà pé kíkọ òun ló ń mú kí ilẹ̀ mọ́, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn tí Kaia fi tẹ̀ wọ́n láago láti ìlú Yuma. Bàbá Kaia, Leif, ọmọ kan ṣoṣo tí Duane àti Marlys bí, ti kú láti ìgbà tí Kaia wà nílé ẹ̀kọ́. Kaia fẹ́ ṣègbéyàwó pẹ̀lú Efraín, ọmọ àwọn tó ń gbin ewébẹ̀ lẹ́tíùsì.

"Bàbá àgbà," ó ní, "ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú mi lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní ẹlòmíràn."

Omi bọ́ lójú Duane, ó fi apá aṣọ nù ún. "Màá dé ibẹ̀ kí àlùfáà tó jí."

Inú Marlys dùn, àyà rẹ̀ sì ń já. Yuma kò jìnnà, àfi bí ọkọ̀ kò bá jí. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ níjọ́ tó ṣáájú. Ká sun ní Yuma, ní ọgbà tó ní iná."

"Kí n lọ so mọ́ òpó bí ewúrẹ́? Kí Gaylen rí mi?"

"Gaylen ò lọ sí Yuma."

"Á gbọ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà! Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìgbéyàwó pé, ojú ọ̀run ṣú. Òjò tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní aṣálẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀, ó sì mú òtútù dání. Sólà orí òrùlé di páálí lásán. Fáànù ẹ̀rọ amúlégbóná sì ń yí láti alẹ́ dé àárọ̀, ó ń mu bátìrì bí ọ̀mùtí ń mu ọtí.

"Yọ pẹ́ẹ̀gì yẹn, Duane. Jẹ́ kí ti iwájú pa tirẹ̀ mọ́."

"Wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́."

"Wọ́n ń bá ara wọn kú lọ ni. Bàbá mi ní àgbá omi méjì lóko, ti màlúù àti ti ilé. Ó máa ń ti páìpù àárín wọn pa, kí màlúù má baà mu ti ilé mọ́ ọn."

"Mi ò sin màlúù níbí."

Marlys na ọwọ́ sí pẹ́ẹ̀gì náà. Duane gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò bí ẹni gbá ọmọdé kúrò nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Marlys fà sẹ́yìn. Ó máa ń fà sẹ́yìn. Ohun tó ṣe ìgbéyàwó wọn pẹ́ nìyẹn, òun náà ló sì ba Duane jẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, Marlys wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù, Duane wọ kóòtù, ó so táì, ó jókòó sídìí sítíárì bí ọba. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́. Ó tún un yí. Kò tilẹ̀ dún kẹ́ mọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì tí pẹ́ẹ̀gì ti tẹ̀ láti ìjọ́ yìí, bí ẹni ń jí òkú. Ó wá rántí jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ìdí ọkọ̀. Àṣé bátìrì ilé náà ló ń ta jẹnẹrétọ̀ jí. Gbogbo rẹ̀ ti kú pọ̀ nínú ọ̀fọ̀ kan ṣoṣo. Lóòótọ́, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n àgbájọ òkú kò gbé pósí.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti ṣí ní àgọ́ yẹn, àwọn ọkùnrin á yọ pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́ bí eṣinṣin tó gbóòórùn ẹran. Ṣùgbọ́n òfin wọn kan wà: kò sẹ́ni tó ń gbé wáyà ìfaná wá sídìí ọkọ̀ ẹlòmíràn, àfi bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e wá láìbéèrè, èébú ni.

"Ṣé kò sí wàhálà, Duane?" Gaylen bèèrè.

"Wàhálà kẹ̀? Mo kàn ń yẹ nǹkan wò ni."

"Nínú kóòtù?"

"Ṣé wọ́n ṣòfin pé ká má wọ kóòtù ni?"

Marlys kò lè pa á mọ́ra. "Gaylen, jọ̀ọ́, lọ gbé wáyà rẹ wá. Ọkọ̀ yìí ti kú, a sì ń lọ ìgbéyàwó."

Gaylen wo Duane. Gbogbo wọn wo Duane. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ló kù kó sọ: ẹ gbà mí. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì lè rìn mọ ọ̀nà tó fi ń sọ ọ́.

"A ò nílò rẹ̀," ni Duane wí. "Oòrùn ti fẹ́ là. Ẹ fún un níṣẹ́jú díẹ̀."

"Àlùfáà kì í dúró de oòrùn!" Marlys pariwo.

Marlys gbá etí aṣọ rẹ̀ mú, ó fi bàtà ìgbéyàwó la ẹrẹ̀ kọjá, ó sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Twyla. Ó bá a tó ń din ẹyin nínú ilé gbígbóná.

"Twyla, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé Yuma. Ọmọ ọmọ mi ló ń ṣègbéyàwó."

Twyla wo bàtà rẹ̀. "Ọkọ yín tó ń fi mí ṣe ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Òun àti bọ́nẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ jókòó sínú mọ́tò, kí n pa iná ẹyin."

Wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Duane. Twyla yọ orí síta. "Ọ̀gbẹ́ni Stenerud, wáyà wà lẹ́yìn mọ́tò mi o. Ẹ ṣáà ní kí n gbé e."

Duane wo Gaylen. Gaylen wo inú kọfí rẹ̀. "Ẹ ṣeun," Duane wí, "a ti ń ṣe é lọ́wọ́."

"Duane, wọlé sínú mọ́tò yìí!" Marlys ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. "Àyè wà. Kaia ń dúró dè ọ́."

"Kí n fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ ní ṣíṣí báyìí, kí wọ́n máa sọ pé ẹran ìso ló gbé mi lọ? Ẹ máa lọ. Mo wà lẹ́yìn yín. Kí ẹ tó rìn jìnnà màá ti yà yín sílẹ̀."

Twyla kò dúró gbọ́ ìyókù.

Ní Yuma, Kaia dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun, ojú rẹ̀ ń wá ẹni tó máa bọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé Marlys. Twyla nìkan ló bọ́.

"Màmá àgbà, bàbá àgbà ńkọ́?"

"Ó ń ṣọ́ bátìrì."

"Ṣé wọ́n ń bọ̀?"

Marlys wo títì. Wọ́n dúró. Àwọn ènìyàn inú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn wò wọ́n. Àlùfáà jáde wá, ó rọra sọ pé ìgbéyàwó mìíràn wà lẹ́yìn tiwọn. Ètè Kaia ń gbọ̀n bíi ti Leif nígbà tó wà ní kékeré.

"Kò ní dé," Marlys wí. Láti àárọ̀ ló ti mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì gbé e rí. Ó na apá sí ọmọbìnrin náà. "Apá tèmi náà, apá ni. Di í mú."

Wọ́n wọlé. Ẹrẹ̀ aṣálẹ̀ ń já bọ́ lára bàtà Marlys sórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí Duane fi máa dé, àwọn ará ilé Efraín ti ń ká àga. Ìgbà tí gbogbo ọkùnrin àgọ́ ti túká, tó ku Gaylen nìkan, ló tó lanu bẹ̀bẹ̀, wáyà Gaylen ló sì ta ọkọ̀ náà jí. Ṣùgbọ́n bó ṣe bọ́ sílẹ̀, ohun tó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ìyàwó ni pé, "Mo sọ fún wọn. Mo ní oòrùn máa jí i. Ó jí i." Ọkùnrin yẹn ń mi orí, nítorí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

"Ta ló mú ọ wọlé?" Duane bi Kaia.

Kaia fi ojú tọ́ka sí Marlys.

"Marlys, ṣé o ò lè dúró dè mí ni?"

"A dúró dè ọ́, Duane. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló dúró dè ọ́."

Kaia kò bínú sí i, ìyẹn ló burú jù. Ó bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń bá àlejò tí a kò mọ̀ dáadáa sọ̀rọ̀. "Ẹ jókòó, bàbá àgbà, ebi á ti máa pa yín." Ó gbé oúnjẹ tó kù fún un, tàmálè, ìyẹ̀fun àgbàdo pẹ̀lú ẹran tí wọ́n fi ewé àgbàdo wé, tí wọ́n sì sè. Ó sì lọ bá ọkọ rẹ̀.

Duane kò bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ó gbé e, ó gé e jẹ tòun ti ewé. Ewé náà le, ó ń jẹ ẹ́ wùràwùrà bí màlúù tó ń jẹ koríko gbígbẹ, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń sọ pé ó dùn. Marlys jókòó níwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Twyla náà ń wò ó. Ìyá Efraín náà ń wò ó.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un.